Méjì, Lẹ́yìn Náà Mẹ́fà: Bí Abẹ́rẹ́ Kan Ṣe Ka Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù Inú Quantum Dot

Gbogbo àwa tí a ti jókòó ní kíláàsì físíìsì kúántọ́ọ̀mù la mọ ìbéèrè yẹn. Wọ́n á ní kí á fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sínú àpótí, kí á sọ iye agbára tó lè ní. A óò kọ ìdọ́gba Schrödinger, a óò mọ ògiri sí ọ̀tún àti òsì, ìdáhùn á sì jáde: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà kò lè ní iye agbára tó bá ṣáà ti wù ú. Orí àtẹ̀gùn ló wà. Ó lè dúró lórí ìgbésẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, kò lè dúró sí agbedeméjì. Bí àpótí náà bá sì ṣe kéré tó ni àwọn ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn ṣe ń jìnnà síra wọn tó. A gba máàkì wa, ó tán.

Ṣùgbọ́n ta ló rí àpótí náà? Ta ló wọ inú rẹ̀ lọ ka ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Nígbà tí a bi ara wa léèrè, a rí i pé ìbéèrè yìí ní ìtàn, àti pé ìtàn náà kò tíì pẹ́ rárá. Ọ̀nà méjì ló gbà wá. Ọ̀nà kan bẹ̀rẹ̀ láti inú gíláàsì ní Leningrad, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwádìí kan lẹ́bàá ìlú Zürich. Ọdún kan náà, 1981, ni méjèèjì so èso àkọ́kọ́, àmọ́ ó tó ọdún 18 kí wọ́n tó pàdé dáadáa.

Gíláàsì tó ń pa àwọ̀ dà

Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn tó ń ṣe gíláàsì aláwọ̀ ti mọ̀ pé èròjà kan náà lè mú oríṣiríṣi àwọ̀ jáde. Ó dá lórí bí iná ṣe gbóná tó àti bí gíláàsì náà ṣe pẹ́ tó nínú iná. Alexei Ekimov, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Vavilov ní Leningrad, ìlú tí à ń pè ní Saint Petersburg lónìí, fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ó da copper chloride mọ́ gíláàsì, ó sì fi í sínú iná tó gbóná láti 500 dé 700 ní ìwọ̀n Celsius. Òmíràn lo wákàtí kan níbẹ̀, òmíràn lo wákàtí 96. Nígbà tí gíláàsì náà tutù tó sì le, ó fi X-ray yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí àwọn hóró copper chloride tíntìntín nínú rẹ̀. Èyí tó kéré jù fẹ̀ tó nánómítà 2, èyí tó tóbi jù fẹ̀ tó 30. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan níbẹ̀ ni nánómítà.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ nìyí: bí àwọn hóró náà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé mì ṣe ń sún sí apá búlúù tó. Èròjà kò yí padà o. Títóbi nìkan ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá mọ ìlù yóò tètè rí ìdí rẹ̀. Irú awọ kan náà lè wà lójú ìlù méjì, síbẹ̀ ohùn kànàngó kò lè jẹ́ ohùn ìyáàlù. Ojú kànàngó kéré, nítorí náà ohùn rẹ̀ ga. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pẹ̀lú ń hùwà bí ìgbì, bí a bá sì há ìgbì mọ́ ibi tó fún, ohùn rẹ̀ á ga sí i, ìyẹn ni pé agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i. Hóró tó kéré débi pé ó ń há ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ báyìí ni ayé wá ń pè ní quantum dot.

Inú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ilẹ̀ Soviet ni Ekimov tẹ àbájáde rẹ̀ sí ní 1981. Láyé ìgbà náà, ohun tó bá jáde lọ́hùn-ún kì í tètè dé etí àwọn ará Amẹ́ríkà. Nítorí náà Louis Brus, ní Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà tí òun náà rí irú rẹ̀ lọ́dún 1983. Inú omi ni àwọn hóró tiẹ̀ wà, cadmium sulfide sì ni wọ́n. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó gbé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kò ṣe bíi ti àwọn tuntun mọ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Ó fura pé wọ́n ti dàgbà ni. Ó wọ̀n wọ́n wò: àwọn tuntun fẹ̀ tó nánómítà 4.5, àwọn àgbà fẹ̀ tó 12.5. Ohun kan náà tí Ekimov rí nínú gíláàsì ni Brus rí nínú omi.

Ariwo ọjà

Ṣé ó ti parí nìyẹn? Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi ṣe ìwádìí, ìmọ́lẹ̀ náà sì ní ìṣòro tirẹ̀.

Ìṣòro kìíní ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í bá dot kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Orí àìmọye wọn ló ń bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, títóbi wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá dúró lókèèrè á gbọ́ ariwo ọjà, kò lè mọ ohun tí ìyá aláta ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ. Ohun tó ń dé ọwọ́ àwọn oníwàádìí nìyẹn: ariwo gbogbo ọjà lápapọ̀.

Moungi Bawendi dín ìṣòro yìí kù lọ́dún 1993. Ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Brus rí kó tó lọ sí MIT. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ da èròjà wọn lójijì sínú òróró tó gbóná gan-an. Hóró kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́ẹ̀kan náà, òtútù tí èròjà náà mú wọlé sì dá wọn dúró. Wọ́n wá tún òróró náà gbé gbóná, kí gbogbo wọn lè jọ dàgbà pọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí dot tí títóbi wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bawendi yìí kan náà ló sọ fún àwọn oníròyìn lọ́dún 2023 pé òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò kẹ́mísírì àkọ́kọ́ tí òun ṣe ní Harvard: 20 nínú 100 ni òun gbà. Ẹ̀yin tí èsì ìdánwò yín jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìṣòro kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n ìpèsè. Bí gbogbo dot tilẹ̀ dọ́gba pátá, ìmọ́lẹ̀ kàn ń sọ bí ìgbésẹ̀ méjì ṣe jìnnà síra tó ni. Ó dà bí ẹni tó wà ní yàrá kejì tó gbọ́ pé ẹnì kan fò gìdì lórí àtẹ̀gùn. Ó lè mọ̀ bí ìfò náà ṣe ga tó, àmọ́ kò lè sọ ìgbésẹ̀ tí onítọ̀hún ti gbéra àti èyí tó balẹ̀ sí. Láti mọ ìyẹn, àfi kí nǹkan kan lọ bá dot kan ṣoṣo, kó sì máa fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Abẹ́rẹ́ tí kì í kan ohun tó ń wò

Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní ọ̀nà kejì tí a sọ. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, á ta padà wá bá wa. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ògiri náà bá tín-ín-rín tó, ó lè bá ara rẹ̀ ní òdìkejì láìfọ́ ohunkóhun. Tunneling ni wọ́n ń pe ìwà yìí. Ní ilé ìwádìí IBM ní Rüschlikon, lórílẹ̀-èdè Switzerland, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer, pẹ̀lú Christoph Gerber àti Edmund Weibel, fẹ́ sọ ìwà yìí di irinṣẹ́.

Wọ́n mú abẹ́rẹ́ irin kan tí ẹnu rẹ̀ mú débi pé átọ̀mù kan ló ṣíwájú àwọn yòókù. Wọ́n gbé e sún mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wò, láìjẹ́ kó kàn án. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó nánómítà kan. Bí wọ́n bá fi fóltéèjì díẹ̀ sí i, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa gba àlàfo náà kọjá, ìṣàn iná tó kéré gan-an á sì jáde. Agbára irinṣẹ́ náà wà nínú nọ́ńbà kan: bí abẹ́rẹ́ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nánómítà péré jìnnà sí i, ìṣàn iná náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá mọ gegele àti kòtò ojú ọ̀nà ni abẹ́rẹ́ yìí ṣe ń fi ìṣàn iná mọ òkè àti ilẹ̀ àwọn átọ̀mù.

Àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Russell Young ti ṣe irinṣẹ́ tó jọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá iṣẹ́ náà dúró ní 1971 kó tó débi tó fẹ́. Ìgbọ̀nrìrì ni ọ̀tá gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tó láti ti abẹ́rẹ́ náà mọ́ ohun tó ń wò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé irinṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Rüschlikon léfòó sórí òòfà pẹ̀lú abọ́ òjé tí wọ́n mú tutù nini, òru ni wọ́n sì sábà ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti dá. Ní 16 oṣù Kẹta 1981, ìṣàn iná náà yí padà gẹ́lẹ́ bí ìṣirò ṣe sọ. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́dún náà, wọn ò gbà á. Nígbà tí wọ́n wá fi irinṣẹ́ náà ya àwòrán átọ̀mù ojú silicon, tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì jáde ní 1983, iyèméjì bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Lọ́dún 1986, Binnig àti Rohrer gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì. Ernst Ruska, tó ṣe maikirosíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ló gba ìdajì yòókù.

Àwòrán átọ̀mù ló sọ abẹ́rẹ́ náà di olókìkí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe ló kan ìtàn wa. Ká ní ó dúró sójú kan, tí a sì ń yí fóltéèjì sókè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí kò bá sí ìgbésẹ̀ agbára lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní ibi tí yóò balẹ̀ sí, iná kò ní pọ̀ sí i. Níbi tí ìgbésẹ̀ bá wà, iná á fò sókè. Ivar Giaever ti lo irú ọgbọ́n yìí lára irin lọ́dún 1960, láìsí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wá mú kó ṣeé ṣe láti mọ ibi tí a ti ń bi í ní ìbéèrè náà, lórí átọ̀mù tó wù wá. Lọ́dún 1993, àwọn Don Eigler ní IBM ní California fi abẹ́rẹ́ to átọ̀mù irin 48 ní róbótó sórí bàbà. Ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó há sínú ọgbà náà hàn gbangba, bí ìgbì omi nínú àwo. Àpótí inú ìwé wa ti ní àwòrán.

Jerúsálẹ́mù, 1999

Ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, Uri Banin mọ bí a ṣe ń pèsè dot, Oded Millo sì mọ abẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú YunWei Cao àti David Katz mú dot indium arsenide, wọ́n fi mólíkù kan dè wọ́n mọ́ orí wúrà kí wọ́n má bàa yọ̀ kúrò, wọ́n sì mú gbogbo rẹ̀ tutù dé nǹkan bí 269 lábẹ́ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Ooru lásán lè mú kí ìgbésẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra wọn, òtútù ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n wá gbé abẹ́rẹ́ sórí dot kan ṣoṣo, wọ́n sì ń yí fóltéèjì sókè.

Iná fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fò ní kété lẹ́yìn rẹ̀. Méjì. Lẹ́yìn náà ni àlàfo gígùn kan wà. Lẹ́yìn àlàfo náà ni òkè mìíràn tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì tó mẹ́fà.

Ẹni tó bá ti ṣe kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama mọ nọ́ńbà méjì yìí. Nínú átọ̀mù, ilé s kì í gbà ju ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 lọ, ọ̀kan fún spin kọ̀ọ̀kan. Ilé p ní ọ̀nà 3 tí ìgbì lè gbà dúró, nítorí náà ó ń gba 6. Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò tí ilé kìíní rẹ̀ kò gbà ju ọmọ 2 lọ, tí ilé kejì kò sì gbà ju 6 lọ. Ọmọ ayò náà ni wọ́n ń jù síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé ayò náà sì ń fúnra rẹ̀ sọ iye tó gbà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ̀mù ló lè wà nínú dot kan, síbẹ̀ wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ń hùwà bí átọ̀mù ńlá kan ṣoṣo. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ti ń pe dot ní átọ̀mù àtọwọ́dá, bí ẹni ń fi nǹkan wé nǹkan. Láti ọdún náà, ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí a kà.

Ta ló ni òkè wọ̀nyẹn?

Ibi tí a fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni iyèméjì tó wà nínú rẹ̀. Kí nìdí tí òkè 2 fi hàn, tí kì í ṣe 1, bó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan náà ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì dúró lé? Ìdí ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í fẹ́ràn ara wọn. Èyí tó ti wà nínú dot ń ti èyí tó fẹ́ wọlé sẹ́yìn, ẹni kejì sì gbọ́dọ̀ san owó ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé. Nítorí náà, àlàfo tí a rí láàárín òkè méjì lè jẹ́ ti àtẹ̀gùn, ó lè jẹ́ ti owó ẹnu ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ ti méjèèjì. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a lè máa ka ìjà àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ká sì rò pé àtẹ̀gùn là ń kà.

Àwọn Daniel Vanmaekelbergh ní Utrecht, ní Netherlands, ya méjèèjì sọ́tọ̀ kedere lára dot cadmium selenide lọ́dún 2001. Ẹnu ọ̀nà méjì ni dot ní: èyí tó kọjú sí abẹ́rẹ́ àti èyí tó kọjú sí wúrà. Bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ jìnnà, ìwọlé á ṣòro. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á wọlé, á sì ti gba ẹ̀yìn jáde kí òmíràn tó dé. Kò sí ẹni tí yóò bá ẹnì kejì jà, àtẹ̀gùn nìkan ló ń hàn. Bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, àwọn tó ń wọlé á pọ̀ ju àwọn tó ń jáde lọ, inú dot á kún, owó ẹnu ọ̀nà á sì hàn pẹ̀lú. Dot kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, jíjìnnà nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n fi èyí kejì yọ kúrò lára èkíní, wọ́n sì mọ ohun tó jẹ́ ti ta ni.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá kò kéré. Irinṣẹ́ tí a fi ń wo nǹkan máa ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn èèyàn yìí kò fi pa mọ́ pé abẹ́rẹ́ àwọn ń da dot láàmú. Wọ́n yí bí ó ṣe ń dà á láàmú padà, wọ́n wo ohun tó yí padà pẹ̀lú rẹ̀ àti ohun tó dúró, wọ́n sì sọ èyí tó dúró di ẹ̀rí.

Àpótí tí a fi ọwọ́ kọ́

Ó ku nǹkan kan. Bó ti wù kí a fara balẹ̀ pèsè dot tó, a kò lè ṣe méjì tó jọra dé orí átọ̀mù tó kẹ́yìn. Lọ́dún 2014, Stefan Fölsch ní Berlin, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Japan àti Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé átọ̀mù indium ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí indium arsenide, wọ́n tò wọ́n ní ìlà, láti átọ̀mù 6 dé 22. Ojú ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan lè jókòó sí, bí ihò ṣe wà lára ọpọ́n ayò, kò sì sí àyè fún àṣìṣe ìdajì ihò. Nítorí náà, ìlà átọ̀mù mẹ́fà tí wọ́n tò lónìí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa tò lọ́la. Abẹ́rẹ́ tó kọ́ àpótí náà ló tún ka ìgbésẹ̀ inú rẹ̀, bí ìlà náà sì ṣe ń gùn sí i ni àwọn ìgbésẹ̀ ń sún mọ́ra. Èyí gan-an ni ìdáhùn tí à ń kọ sínú ìwé ìdánwò.

Ní 4 oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n kéde pé Bawendi, Brus àti Ekimov ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì. Dot ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ó ń mú kí pupa rẹ̀ pupa dáadáa, kí àwọ̀ ewé rẹ̀ sì mọ́. Ó yẹ kí á bá àwọn mẹ́ta náà yọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá tún fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú àpótí níwájú wa, ní gbọ̀ngàn ìdánwò tó ń móoru, ẹ jẹ́ kí á rántí àwọn tó dúró ti abẹ́rẹ́ nínú òtútù 269 lábẹ́ òdo, tí wọ́n ń ka òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjì, àlàfo, lẹ́yìn náà mẹ́fà. Àwọn ló jẹ́ kí ìdáhùn tí à ń kọ yẹn jẹ́ òótọ́.